Ta Ló Gbé Oúnjẹ Ẹyẹ Padà Sórí Òpó?

"Bàbá Armand, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà yẹn kí ẹ tó fi ìdí jókòó sínú yìnyín!"

Èmi ni mo ń pariwo bẹ́ẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ife kọfí lọ́wọ́ mi. Bàbá náà ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Lorna, adìẹ ni wọ́n ní kí o máa ṣọ́. Wọn ò ní kí o máa ṣọ́ mi."

Bí a ṣe máa ń kí ara wa ní àárọ̀ nìyẹn, láti ọdún tí mo ti ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ ní Corley Falls, lórí òkè Vermont wa níbí. Armand Thibault ń da hóró òdòdó oòrùn sínú àwo oúnjẹ ẹyẹ, ó sì ń gbé e kọ́ sórí òpó irin gíga tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀. Simone ìyàwó rẹ̀ ló ri òpó náà mọ́lẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Láti ọjọ́ tí Simone ti kú, òtútù ni o, ooru ni o, àwo yẹn kì í ṣófo. Àwọn ẹyẹ olórí dúdú, àwọn ẹyẹ pupa, àkókó, gbogbo wọn ló mọ Bàbá Armand bí ẹni mọ ìyá oníbúkà.

Ní àdúgbò wa, ẹni tí kò bá fún ẹyẹ lóúnjẹ nígbà yìnyín, ahun ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n nǹkan ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Tí òtútù bá ń parí lọ, tí omi igi mépù bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sun, àwọn béárì náà á jí lójú oorun wọn nínú igbó, ebi á sì máa pa wọ́n bí ẹni tó gbààwẹ̀ gbogbo ìgbà òtútù. Wọ́n á gbóòórùn hóró yẹn láti ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà ni Ọ̀gbẹ́ni Hutchins, ẹ̀ṣọ́ ẹranko igbó wa, fi máa ń bẹ̀ wá pé kí a palẹ̀ àwo mọ́ nígbà náà. Àwọn kan gbọ́. Bàbá Armand ò gbọ́. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Béárì ò sí lára ìjọ mi."

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí mò ń sọ yìí gan-an, béárì darapọ̀ mọ́ ìjọ rẹ̀.

Odile, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ló wà lójú fèrèsé kíṣìnnì. Òun àti Renée ìyá rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ bàbá náà, ló ń gbé pẹ̀lú rẹ̀. Béárì ńlá kan jáde láti inú igbó, abo ni, ọmọ méjì sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ó gbá òpó mú, ó mì í tìtì, hóró ń dà sílẹ̀ bí òjò. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà gun òpó, ó jókòó sínú àwo, ó ń wo ọ̀run, ó ń jẹun lọ bí ọmọ ìkókó tí wọ́n ń wẹ̀ nínú bàsíà. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Odile. Ó gbé fóònù rẹ̀, ó sì ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kó tó di ọjọ́ Ajé, gbogbo iléèwé ti wo fídíò náà. Wọ́n sọ abo béárì yẹn ní Màdáàmù.

Hutchins wá sílé wọn lọ́jọ́ kejì. Mo wà níbẹ̀, torí pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ilé yẹn tí mi ò kì í sí níbẹ̀.

"Bàbá, ẹ gbọ́ mi," ni ó wí. "Béárì tó bá ti mọ̀ pé ẹ̀yìnkùlé èèyàn ni oúnjẹ wà, kò ní yéé wá. Lọ́jọ́ tó bá fi agídí wọlé onílé, ìbọn ni màá gbé, kì í ṣe pé mo fẹ́. Àwọn ọmọ méjèèjì yẹn ò sì tíì lè dá wà."

Bàbá Armand wo òpó náà títí. A rò pé yóò tún dáhùn ọ̀rọ̀ ìjọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ ni pé, "Simone ò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀ láé."

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi sọ àwo kalẹ̀. Odile di àkàbà mú. Bàbá náà fọ àwo, ó nù ún gbẹ, ó gbé e sínú ilé irinṣẹ́, ó ti ilẹ̀kùn pa, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ìṣó tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì. Lẹ́yìn náà ló dúró lábẹ́ òpó, ó bọ́ fìlà, ó bá àwọn ẹyẹ sọ̀rọ̀: "Ẹ má bínú o. Ṣọ́ọ̀bù ti tì. Ó di ìgbà tí yìnyín bá tún bọ̀." Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, omi lé sí mi lójú.

Ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí nìyẹn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ nípa Odile fún yín. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Kí béárì tó dé, ó lè wọ kíláàsì kó sì jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Fídíò yẹn ló jẹ́ kí Tansy, tí gbogbo ẹgbẹ́ ń wárí fún, pè é pé kó wá jókòó ti òun níbi oúnjẹ ọ̀sán. Ọmọ tí kò lẹ́nìkan tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí wọ́n ń fi àga sílẹ̀ dè. Ta ni kò ní wù?

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan kọjá tí kò sí fídíò tuntun, ni àwọn ará ìdí tábìlì náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Odile, Màdáàmù dà? Ó ti rìnrìn àjò ni?"

"Ó ti lọ ra bàtà," ni ẹlòmíì wí.

Ọmọkùnrin kan ní ìdí tábìlì sọ pé, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Ó lè jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà ló ti ya béárì yẹn."

Ojú Odile pọ́n. "Irọ́ ni! Ẹ̀yìnkùlé wa ló wà!"

"Ó dáa nígbà yẹn," ni Tansy wí, ó sì fi ẹ̀rín músẹ́ dì í mọ́ra. "A ń bọ̀ nílé yín lọ́jọ́ Sátidé, a fẹ́ fojú ara wa rí i. Jọ̀ọ́, má dójú tì mí o, mo ti sọ fún gbogbo èèyàn."

Odile fẹ́ sọ pé àwo ò sí lórí òpó mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀, ó sì gbé e mì.

Nígbà tí Sátidé dé, Renée wà níbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀. Bàbá Armand ti lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ se omi igi mépù tó kẹ́yìn ọdún di omi adùn. Odile mú kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó, ó gbé àwo jáde, ó da hóró kún un bámúbámú, ó gbé e kọ́, ó tún ti ilẹ̀kùn pa, ó sì dá kọ́kọ́rọ́ padà sáyè rẹ̀. Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ ni pé, "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Kí Pépé tó dé, màá ti gbé e kúrò."

Pépé ni ó ń pe bàbá ìyá rẹ̀, bí àwọn ọmọ ìran Faransé ṣe ń pe bàbá àgbà níbí.

Nígbà tí oòrùn ń rẹlẹ̀, Màdáàmù dé tòun tọmọ. Ẹ̀yin ará, inú kíṣìnnì yẹn dùn! Àwọn ọmọ iléèwé fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà bú jáde. Tansy gbá Odile mọ́ra. Ọmọkùnrin tó sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà yẹn fi imú lẹ mọ́ gíláàsì fèrèsé.

Ṣùgbọ́n hóró tán. Màdáàmù fọ́ àwo, ó tẹ òpó wọ́, kò rí nǹkan mọ́. Ó gbé imú sókè. Ó yíjú sí ọ̀dọ̀ mi.

Mò ń gé àlùbọ́sà nígbà tí mo gbọ́ tí pákó ń fọ́. Mo sáré jáde. Màdáàmù ti ya ẹ̀gbẹ́ ilé adìẹ mi bí ẹni ya páálí, ìyẹ́ ń fò káàkiri. Mo mú ìkòkò, mo mú ṣíbí ìrokà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú, mo ń ké títí ohùn mi fi há. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó gbé adìẹ méjì, ó bá tirẹ̀ lọ. Duchess, àgbébọ̀ adìẹ funfun mi, nìkan ni mo kọ́kọ́ rí, ó wà lórí ọkọ̀ mi, ó ń bú gbogbo ayé. Wọ́n ní adìẹ funfun ò mọ ara rẹ̀ lágbà, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, Duchess mọ̀ pé àgbà lòun, ó sì mọ orí ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ béárì ò dé.

Àwọn ọ̀rẹ́ Odile ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Kò pẹ́ sí i, Bàbá Armand dé pẹ̀lú ìgò omi adùn lábẹ́ abíyá, ó ń súfèé. Mo pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé ẹ ò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ sí èèyàn lẹ́nu ni? Ṣé ó dìgbà tó bá jẹ èmi náà tán?"

"Lorna, kí ló dé?"

"Ẹ tún gbé oúnjẹ síta! Béárì ti jẹ adìẹ mi!"

"Oúnjẹ wo? Mo ti tì í mọ́lé."

Mo nawọ́ sí òpó. Ó rìn lọ síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú àwo tó ti rún, ó yí i síwá sẹ́yìn. Ó wọ kíṣìnnì, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí ìṣó. Ilé irinṣẹ́ wà ní títì. Ó jókòó.

"Èmi nìkan ni mo máa ń ṣí ilé yẹn," ni ó wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Lorna... ó lè jẹ́ èmi ni mo gbé e síta. Ó lè jẹ́ pé mo gbàgbé."

Gbogbo ìbínú mi ló fò lọ. Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó ṣe Lucien, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí yóò fi kú, kò mọ orúkọ ọmọ tó bí mọ́.

Odile wà nídìí sítóòfù. Mo rí i tó la ẹnu, mo sì rí i tó pa á dé. Mo rò pé ẹ̀rù béárì ló ń bà á. Ọmọ náà ń rò pé bí òun bá jẹ́wọ́, Tansy àti gbogbo tábìlì yẹn ti lọ nìyẹn, ìyá òun á bínú, èmi Lorna onígbe á sì pa òun jẹ. Ó dákẹ́, ó sì jẹ́ kí bàbá tó tọ́ ọ dàgbà gbé ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ̀rín kúrò ní ilé yẹn. N kò gbọ́ kí Bàbá Armand súfèé láàárọ̀ mọ́ bó ṣe máa ń ṣe. Odile fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé Pépé á pa sítóòfù, á lọ, á tún padà wá fọwọ́ kàn án. Tó bá jókòó lójú fèrèsé, á máa ka orúkọ àwọn tí wọ́n jọ lọ síléèwé sókè, tí kò bá rántí ẹnìkan, á tún bẹ̀rẹ̀. Renée ń wò ó, ó ń sunkún ní kọ̀rọ̀. Ó ti ń bá àwọn ilé ìtọ́jú arúgbó tó wà ní ìlú ńlá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Tí mo bá wà níbi iṣẹ́, tó sì fi iná sílẹ̀ ńkọ́?"

Lọ́jọ́ kan tí Odile ti iléèwé dé, bàbá náà gbé awò tí Simone fi máa ń wo ẹyẹ lókèèrè lé e lọ́wọ́.

"Máa mú un lọ, ọmọ mi. Mo fẹ́ fún ọ nígbà tí mo ṣì mọ ibi tó wà."

Odile ní òun ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tó di ọjọ́rú, Hutchins pe àdúgbò jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Ó ti gbé pàkúté ńlá onírin wá sínú ọkọ̀. Ó ní tí Màdáàmù bá tún fọ́ ilé ẹnikẹ́ni, kò sí ohun tí òun lè ṣe mọ́. Ni kálukú bá ń wo Bàbá Armand ní ìwò ẹ̀gbẹ́. Whitcomb tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà tilẹ̀ kùn pé, "Ẹnìkan ló fa gbogbo èyí."

Bàbá Armand dìde. "Òótọ́ lo sọ. Èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ọkàn mi ò fẹ́ ṣe é, orí mi ni kò..." Kò lè parí rẹ̀.

Renée di apá rẹ̀ mú. "Mo ti rí ibì kan fún Papa. Wọ́n máa kó lọ kí oṣù tó parí."

"Èmi ni."

Ohùn náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a ò mọ ẹni tó sọ̀rọ̀. Odile ti dìde, ó gbá awò Simone mọ́ àyà.

"Kí lo wí?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Èmi ni mo mú kọ́kọ́rọ́. Èmi ni mo gbé oúnjẹ síta, kí àwọn ọ̀rẹ́ mi lè rí Màdáàmù. Pépé ò gbàgbé nǹkan kan. Orí wọn pé ju ti gbogbo wa níbí lọ."

Bàbá Armand rìn lọ bá a, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan. Mo sọ nínú mi pé, yéè, wàhálà dé.

"Tún un sọ," ni ó wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Pépé, èmi ni, ẹ dákun, mi ò..."

"N kò ní kí o bẹ̀ mí! Apá ibi tó o ti sọ pé orí mi pé, òun ni mo ní kí o tún sọ!"

"Orí... orí yín pé, Pépé."

"Ẹ gbọ́ o!" Bàbá náà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ! Orí mi pé! Whitcomb, ṣé o gbọ́? Lorna, wá níbí!" Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti gbá mi mú, ó ń bá mi jó yí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ká, èmi tí eékún ń dùn. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. Renée ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Àní Hutchins bọ́ fìlà, ó ń fi nu ojú.

Ìgbà tó rẹ̀ ẹ́ ló tó fi mí sílẹ̀. Ó nu ojú rẹ̀, ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó yíjú sí Odile.

"Ó dáa. Mo ti yọ̀ tán. Ní báyìí, mo fẹ́ bínú."

Kò pariwo. Ó ní, "Adìẹ Lorna, a lè ra òmíràn. Òpó tó wọ́ àti àwo tó rún, màá tún wọn ṣe. Ṣùgbọ́n láti Sátidé ni mo ti ń ṣọ́ ara mi bí ẹni ń ṣọ́ olè. O rí mi, Odile. Ojoojúmọ́ lò ń rí mi. O sì dákẹ́."

Odile sunkún débi pé awò ìyá àgbà rẹ̀ tutù. Kò wí àwíjàre. Ó kàn ń sọ pé, "Mo mọ̀, Pépé. Mo mọ̀." Bàbá náà jẹ́ kó sunkún tó, lẹ́yìn náà ló fà á mọ́ra.

Hutchins wúkọ́. Ó ní òun ò ní tíì dẹ pàkúté. Tí gbogbo àdúgbò bá lè palẹ̀ oúnjẹ ẹyẹ mọ́ pátá, tí èmi náà sì fi wáyà oníná yí ilé adìẹ mi ká, bóyá Màdáàmù á wá, kò ní rí nǹkan kan, á sì gba inú igbó lọ. Ó ní, "Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ku ilé kan. Ilé kan péré tó bá kù, òun ló máa kọ́ ọ pé kó máa padà wá."

"Èmi ni màá lọ bá wọn," ni Odile wí.

Ó sì lọ, ojúlé dé ojúlé. Ó tún gbé fídíò mìíràn jáde fún àwọn ọmọ iléèwé: ilé adìẹ mi tó fọ́, ìyẹ́ tó wà nílẹ̀, àti ohùn òun fúnra rẹ̀ tó ń sọ ohun tó ṣe. Àwọn kan fi ṣẹ̀sín. Àga tí wọ́n ń fi sílẹ̀ dè é nídìí tábìlì, ẹlòmíì jókòó sórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Odile wá ń bá mi kan pákó tuntun mọ́ ilé adìẹ, ta ni mo rí? Tansy ni, òòlù lọ́wọ́.

"Bàbá mi ló ní kí n wá," ni ó wí, ó ń wo ilẹ̀.

Irọ́ ni. Mo pàdé bàbá rẹ̀ lẹ́yìn náà, kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbéra.

Ohun tí Odile bá pàdé lójúlé dé ojúlé yẹn ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ìyáàfin Gertz sọ àwo rẹ̀ kalẹ̀ kí ọmọ náà tó parí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Eku ti gba abẹ́ ilé mi tán nítorí hóró yìí! Ojú ló ń tì mí, kí ẹ má pè mí ní ahun. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kí ẹnìkan wá bẹ̀ mí." Ẹlòmíì sọ tirẹ̀ kalẹ̀ nítorí ológbò rẹ̀ tó ń lúgọ pa àwọn ẹyẹ níbẹ̀. Tọkọtaya kan rí ẹyẹ tí ojú rẹ̀ wú, wọ́n gbọ́ pé inú àwo ìdọ̀tí ni ẹyẹ ti ń kó àrùn ran ara wọn. Èmi, nítorí Duchess ni mo ṣe sọ ọ̀rá màlúù tí mo fi ń pe àkókó kalẹ̀. Ìdí ò jọ ìdí. Kálukú ló ní ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni wọn ò rí.

Whitcomb nìkan ló kù. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó di apá mọ́ àyà.

"Àwọn ẹyẹ á kú!"

"Wọn ò ní kú, sà. Ẹ wo abẹ́ ewé, kòkòrò ti pọ̀. Pépé ní kòkòrò ni wọ́n fi ń bọ́ ọmọ wọn nígbà yìí. Hóró tiwa, ìpápánu lásán ni."

"Ta ló wá ń bẹ̀ mí? Ìwọ tó o pe béárì wá?"

Odile gbà á bẹ́ẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èmi tí mo pè é wá ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n pa á nítorí mi."

Whitcomb tú apá sílẹ̀. Ó wo òdìkejì ọ̀nà, níbi tí òpó Simone ti dúró lófo. "Ṣé Armand ò ní gbé tiẹ̀ padà lóòótọ́?"

"Ó di ìgbà yìnyín."

"Hm. Tí olórí kunkun bá ti gbà, ta ni èmi?" Ló bá lọ gbé àkàbà.

Bàbá Armand àti Odile gbin àwọn igi eléso wẹ́wẹ́ yí òpó náà ká, wọ́n sì gbé bàsíà omi sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ẹyẹ olórí dúdú fi ń wẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń ta omi síra wọn lára, wọ́n ń jà. Bàbá náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé láàárọ̀.

Nígbà tí igi ápù yọ òdòdó, Màdáàmù dé ní ọ̀sán gangan. Odile pè mí lórí fóònù. "Ìyáàfin Lorna, ó ti dé." Mo mú ìkòkò, mo dúró lójú fèrèsé mi. Àwọn náà dúró lójú tiwọn.

Béárì náà lọ tààrà sídìí òpó. Ó nàró, ó gbóòórùn òkè, ó gbóòórùn ìsàlẹ̀. Ó mu omi díẹ̀. Ó wo fèrèsé Armand bí oníbàárà tó bá ṣọ́ọ̀bù ní títì. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ilé adìẹ mi. Mo gbé ìkòkò mi sókè. Ó rìn wá, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Ó na imú sí wáyà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó fò! Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kúrò nílẹ̀! Ó yí padà, ó ké sí àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba inú igbó lọ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo gbọ́ igbe ayọ̀ láti ilé kejì, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìkòkò mi, kì í ṣe láti lé ẹnikẹ́ni o, ayọ̀ ni. Whitcomb náà ń pàtẹ́wọ́ lódìkejì ọ̀nà.

Pépé ló sọ fún Odile pé kó ká a sílẹ̀. Ó ní, "Èyí tó ń lọ ni kí o ká." Nígbà tí Tansy wo fídíò náà, ó ní, "Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Ìdí béárì nìkan ni mo rí."

Odile dáhùn pé, "Ìdí ẹ̀ yẹn gan-an la fi odindi oṣù kan wá."

Màdáàmù ò padà wá mọ́. Hutchins gbé pàkúté rẹ̀ lọ láìlò ó. Nígbà tí yìnyín àkọ́kọ́ já, Odile sáré wọlé láti iléèwé, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà.

"Pépé! Yìnyín ti dé! Kọ́kọ́rọ́ dà?"

Bàbá náà wo ìṣó, ìṣó ṣófo. Ó họ orí. "Áà. Kọ́kọ́rọ́ wo? Mo ti gbàgbé ibi tí mo fi í sí."

Ojú Odile fà ro. Ló bá rí i tí ejìká bàbá rẹ̀ àgbà ń mì fún ẹ̀rín, ló bá rí okùn tuntun tó rọ̀ mọ́ ìka rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ náà ń jò nídìí okùn.

"Pépé!"

"Orí mi pé," ni ó wí, ó sì fi okùn náà kọ́ ọ lọ́rùn. "Láti òní lọ, ọwọ́ rẹ ló máa wà. Ẹni tó bá sọ òtítọ́ nígbà tó le, òun la ń fún ní kọ́kọ́rọ́."

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kà á, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání nìyí. Oúnjẹ tí a fi ìfẹ́ gbé síta lè pa ẹni tí a fẹ́ràn, tí a ò bá mọ ìgbà tó yẹ ká gbé e wọlé. Ọ̀rẹ́ tó jẹ́ pé nítorí béárì ló ṣe ń bá ọ jẹun, jẹ́ kó máa lọ. Èyí tó bá mú òòlù wá ni kí o dì mú. Tí o bá sì ti ṣẹ̀, tètè sọ ọ́, torí pé ẹlòmíì lè wà níbì kan tó ti ń gbé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, tó rò pé tòun ni. Òtítọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní ń forí gbọgbẹ́.

Duchess ní kí n kí yín. Ó ti tún ń yé ẹyin.